Etí mi ló rán mi lọ síléèwé: ohun tí ojú mi rí nídìí mímòòkùn

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, tí etí bá ń dùn yín nísàlẹ̀ omi, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fà yín lọ́wọ́ wọ ìsàlẹ̀ sí i, ìbáà jẹ́ ọ̀gá, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún. Bí ẹ ò bá ráyè ka ìyókù, ẹ mú ìyẹn dání. Ẹni tó bá ráyè kó fara balẹ̀, màá sọ bó ṣe ṣe mí.

Abuja ni mò ń gbé, Kubwa gan-an, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, odò Ọbà ni omi ńlá tá a mọ̀ ní kékeré, wọn ò sì jẹ́ ká débẹ̀. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, torí náà kẹ́nikẹ́ni má rò pé àtikékeré ni mo ti ń bá omi ṣeré. Mímòòkùn tí mo sì ń wí yìí, èyí tí wọ́n ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn ni, tí wọ́n ń pè ní scuba.

Àwa ọ̀rẹ́ kan níbi iṣẹ́ la jọ dá èsúsú, nígbà tá a kó o, a ní àwa náà máa lọ sinmi, la bá kọrí sí Zanzibar. Létí òkun níbẹ̀ wọ́n ń polówó ìmòòkùn ọlọ́jọ́ kan fún ẹni tí ò ní káàdì tó fi hàn pé ó ti kọ́ ìmòòkùn, pé kéèyàn wá tọ́ ọ wò. Kí n má purọ́, nǹkan tó dáa ni tó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ẹ nínú omi tí ò ju àyà lọ, wọn ò ní mú ẹ kọjá 12 mítà, wọ́n á sì dì ẹ́ mú. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn èrò pọ̀, ọkọ̀ ojú omi ń dúró dè wá, ẹni tó mú mi ò sọ ju pé kí n máa mí, kí n má dá èémí dúró rárá, tí etí bá sì dí kí n di imú mú kí n fẹ́ ẹ, ó parí.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí inú mi ṣe dùn tó níbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ̀yẹn ò ní mọ ìdí tí mi ò fi pa á tì. Èémí àkọ́kọ́ téèyàn mí lábẹ́ omi! Ara ń sọ pé kò ṣeé ṣe, ẹ̀dọ̀fóró ń sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Mo gbọ́ èémí ara mi bó ṣe ń wọlé bó ṣe ń jáde, ẹja ń kọjá níwájú mi láìbẹ̀rù, mo gbàgbé fáìlì tó wà lórí tábìlì mi, mo gbàgbé owó ilé.

Kò pẹ́ tí etí òsì bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ wúwo, ó wá ń ta mí wọnú orí. Mo nawọ́ sí etí. Ọkùnrin yẹn rí mi. Ó fọwọ́ pè mí pé kí n máa bọ̀. Mo tún nawọ́ sí i, ó di okùn ẹ̀wù mi mú ó ń fà mí lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá bíi tèmi, ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa, a kì í bá olùkọ́ jiyàn, ẹni tó mọ̀nà là ń tẹ̀ lé, tí àgbà bá ní kó o wá o ò ní béèrè pé kí ló dé. Mo tẹ̀ lé e. Nǹkan dún pó nínú orí mi, omi tútù wọlé, ayé bẹ̀rẹ̀ sí í yí, mi ò mọ òkè mi ò mọ ìsàlẹ̀ mọ́. Mo rọ̀ mọ́ aṣọ ọkùnrin yẹn, mo dijú, mò ń mí ṣáá. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé omi tútù tó bá wọ etí kan láìwọ èkejì ló ń dá òyì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tí omi ọ̀hún bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú etí, òyì á rọlẹ̀, pé kéèyàn di nǹkan mú kó dúró ni, kó má sáré gòkè. Lọ́jọ́ yẹn mi ò mọ ìkankan nínú ẹ̀. Nígbà tá a jáde, ẹ̀jẹ̀ wà nínú máàsìkì mi, wọ́n ní kì í ṣe nǹkan bàbàrà, pé ó máa lọ.

Kò lọ. Mo dé Abuja mi ò gbọ́ràn dáadáa létí òsì, tó bá di òru á máa hó nínú orí mi, mi ò lè fi ẹ̀gbẹ́ yẹn sùn. Dókítà etí tó wò mí, bàbá Ìjẹ̀bú kan tó ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, tan iná sínú ẹ̀ títí, ó ní, "Mádáàmù, ìlù etí yín ti ya o. Ta ló ní kẹ́ ẹ lọ?"

Mo ní, "Ẹ má bínú sà, olùkọ́ ló fà mí lọ."

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé olùkọ́ ló ni etí?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Bàbá yẹn ò bú mi, ó yí ìwé tó fẹ́ kọ oògùn sí padà, ó ya àwòrán etí sẹ́yìn ẹ̀, ó fi ihò tóóró kan hàn mí tó ti ẹ̀yìn imú lọ sẹ́yìn ìlù etí, ó ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà, tí ibẹ̀ bá ti dí, omi ìta á máa tẹ ìlù etí wọlé, kò sí ẹni tó lè fi agbára ṣe é. Ó ní ìlù etí sábà máa ń dí fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ kómi má débẹ̀ rárá, tí mo bá fẹ́ wẹ̀ kí n fi òwú tí mo fi fasilíìnì pa dí i. Màámi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, òkun kì í ṣe odò Ọbà o, fi sílẹ̀." Mo ní, "Ẹ ṣé mà, mo ti gbọ́." Inú mi ò sì fi sílẹ̀.

Nínú oṣù tí mi ò lè wọ omi yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀. Ẹ wò ó, ìgbà tí mo mọ nǹkan tí prẹ́ṣọ̀ jẹ́ ni orí mi wú. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ilẹ̀ ló ń tẹ̀ wá ní ìwọ̀n kan, tó o bá wọ òkun 10 mítà, ó di ìlọ́po méjì, 20 mítà ìlọ́po mẹ́ta, 30 mítà ìlọ́po mẹ́rin. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ara náà á máa sún kì: ní 10 mítà ó ku ìdajì, ní 20 ó ku ìdá mẹ́ta kan, ní 30 ó ku ìdá mẹ́rin kan. Robert Boyle ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 1662. Ẹ wá wò ó dáadáa, 10 mítà àkọ́kọ́ ló gba ìdajì, ìyẹn ni pé ibi tí omi ò tíì jìn gan-an ni etí ti ń jìyà jù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "a ò tíì lọ jìnnà, kò lè dùn ẹ́", irọ́ ni, ìsàlẹ̀ púùlù 3 mítà lásán lè ṣe etí léṣe.

Ohun kan náà ló fà á tí wọ́n fi ń kìlọ̀ pé kéèyàn má dá èémí dúró láé tó bá ń gòkè bọ̀, torí afẹ́fẹ́ tó kì nísàlẹ̀ á máa fẹ̀ bó o ṣe ń gòkè, tí o bá ti ọ̀nà mọ́ ọn, ẹ̀dọ̀fóró ló máa fà ya. Ọkùnrin Zanzibar yẹn sọ ọ́ fún mi, àmọ́ kò sọ ìdí, òfin téèyàn ò bá sì mọ ìdí ẹ̀, ìbẹ̀rù lè mú kó gbàgbé ẹ̀.

Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí etí. Èyí táwọn èèyàn mọ̀ jù ni kó o di imú mú kó o fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, Valsalva ni wọ́n ń pè é, orúkọ dókítà ará Ítálì kan tó kọ ìwé nípa etí ní 1704. Ó dáa, àmọ́ tó o bá fi tipátipá fẹ́ ẹ o lè ṣe inú etí léṣe. Òmíràn ni kó o di imú mú kó o gbé itọ́ mì. Èyí tó wá bá mi lára mu jù ni Frenzel, wàá di imú, wàá pa ọ̀nà ọ̀fun dé, wàá wá fi ẹ̀yìn ahọ́n ti afẹ́fẹ́ sókè bí ìgbà tó o fẹ́ pe "k" tí o ò jẹ́ kó jáde. Nínú gó-síló Kubwa Express ni mo ti kọ́ ọ, ọwọ́ kan lórí sítíárìn, ọwọ́ kan lórí imú. Kéèyàn bẹ̀rẹ̀ látorí omi kó tó wọlé rárá, kó máa ṣe é ní gbogbo mítà kan kó tó dùn, kó fẹsẹ̀ ṣáájú, kó di okùn mú. Tí ò bá ṣí, gòkè díẹ̀, tún un ṣe. Tí kò bá tún ṣí, o ti ṣe tán lọ́jọ́ yẹn.

Púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní Utako ni mo ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn tí dókítà ní etí ti dí. Ọmọkùnrin Hausa tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níbẹ̀ ló kọ́ mi, "Mama, a hankali" ló máa ń sọ ṣáá, pé kí n rọra. Mo ṣàlàyé fún un pé mo ń lọ gba káàdì, tí wọ́n á ní kí n lúwẹ̀ẹ́ 200 mítà láìdúró, kí n sì léfòó fún ìṣẹ́jú 10, kò sí pé kí n yára. Àwọn ọmọ ọdún méje ń kọjá lára mi, mò ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ fún ẹ̀yin obìnrin. Irun. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Tí fọ́nrán irun kan bá há sábẹ́ etí máàsìkì, omi á máa wọlé títí o ó fi jáde. Ṣùkú ò dáa fún un torí okùn máàsìkì ò ní ríbi jókòó sí, irun tí wọ́n bá sì dì wá sí iwájú orí, á wọ abẹ́ máàsìkì. Kòlẹ́sẹ̀ ló bá a mu jù, kí wọ́n dì í láti iwájú lọ sí ìpàkọ́, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀yin ọkùnrin, irùngbọ̀n òkè ètè náà máa ń jẹ́ kómi wọlé, ẹ fá a tàbí kẹ́ ẹ gé e kúrú.

Àtàǹpàkò ńkọ́? Níbí tá a bá nà án sókè, ó dáa nìyẹn. Lábẹ́ omi, "jẹ́ ká gòkè" ló túmọ̀ sí, mo rí ọmọ kíláàsì mi kan tínú ẹ̀ dùn tó nà án sókè, olùkọ́ sì mú un gòkè lọ lóòótọ́. Tó o bá fẹ́ sọ pé ó dáa, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá lo máa fi ṣe òrùka.

Dahab ni mo ti lọ gba káàdì, ní Íjíbítì, létí Òkun Pupa, torí ó rọrùn láti Abuja gba Cairo. Oṣù kìíní ni ìsinmi mi bọ́ sí. Ẹ sì mọ ohun tí oṣù kìíní jẹ́ ní Abuja, ọyẹ́ ti dé, eruku bo gbogbo ojú ọ̀run, ètè là, imú dí, ọ̀fìnkìn mú gbogbo ọ́fíìsì. Mo gbé ọ̀fìnkìn mi wọ bàálù. A wọ òkun, omi tutù fún àwa tá a ti Abuja wá, a ò tíì dé 3 mítà, etí òsì ní òun ò lọ. Mo gòkè díẹ̀, mo tún un ṣe. Kò ṣí. Ẹni tó ń tọ́ wa lọ́jọ́ yẹn fọwọ́ ní ká máa lọ.

Ó dé, ni mo sọ nínú ara mi. Àyà mi ń já, torí ọjọ́ Zanzibar padà wá sójú mi kedere. Mo mi orí. Mo tẹ́ ọwọ́ mi pẹrẹsẹ, mo mì ín sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn ni pé nǹkan ò dáa, mo nawọ́ sí etí, mo wá na àtàǹpàkò sókè. Ó tún fọwọ́ pè mí. Mo tún na àtàǹpàkò sókè. Ó bá mi gòkè.

Lókè ó ní oògùn wà tó ń ṣí imú, pé kí n lò ó ká padà wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ní rárá. Torí mo ti kà á: tí oògùn yẹn bá ṣe tán nígbà tó o wà nísàlẹ̀, ọ̀nà etí á dí padà, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀ á máa fẹ̀ bó o ṣe ń gòkè, kò sì ní rí ibi jáde, o ò sì lè dúró sísàlẹ̀ torí afẹ́fẹ́ sílíńdà ń tán lọ. Òfin kan wà láàárín àwọn òmòòkùn tí mo fẹ́ràn gidigidi, pé ẹnikẹ́ni lè fòpin sí ìmòòkùn nígbàkigbà, fún ìdíkídìí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bi í pé kí ló dé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí mo máa sọ "rárá" fún olùkọ́, ohùn mi gbọ̀n, mo sì sọ ọ́.

Ó dùn mí o. Owó tí mo fi pamọ́ lóṣooṣù, ìsinmi tí mo tọrọ, àwọn ọmọdé òyìnbó ń wọlé ń jáde, èmi jókòó sétí òkun pẹ̀lú tíì gbígbóná àti páálí tíṣù. Mo sunkún díẹ̀ ní yàrá. Nígbà tí imú wá là, olùkọ́ àgbà ibẹ̀ fúnra ẹ̀ mú mi wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, etí ṣí, mo sì gba káàdì tó ní kí n má kọjá 18 mítà.

Nínú ilé tí mo wọ̀ sí ni mo ti bá àwọn ọmọ Nàìjíríà pàdé tí wọ́n wá rìnrìn àjò ìjọsìn, wọ́n fẹ́ gun Òkè Sínáì lóru kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá kan láti Iléṣà ní, "Ọmọ mi, o dé ẹsẹ̀ òkè tí Ọlọ́run ti fún Mósè lófin, o ò ní gùn ún? Wọ bàtà ẹ ká máa lọ." Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú mà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òkun lónìí ni, mi ò lè gun òkè." Wọ́n rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún màmá nìyí. Nísàlẹ̀ omi, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tá à ń mí máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara torí prẹ́ṣọ̀. Tá a bá gòkè jẹ́jẹ́, á máa bá èémí jáde díẹ̀díẹ̀. Tá a bá sáré gòkè, á hó nínú ẹ̀jẹ̀ bí mínírà tí wọ́n mì kí wọ́n tó ṣí i, ìyẹn ló ń fa oríkèé ríro, ara kíkú, ó lè sọ èèyàn di arọ. Ìdí nìyẹn tá a fi ń dúró ní 5 mítà fún ìṣẹ́jú 3 ká tó jáde. Síbẹ̀ ó ṣì máa ń ku díẹ̀ nínú ara, orí òkè àti inú bàálù sì jọra wọn, prẹ́ṣọ̀ ibẹ̀ kéré. Òkè Sínáì ga tó 2,285 mítà. DAN, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn òmòòkùn, ní kéèyàn dúró ó kéré tán 12 wákàtí kó tó wọ bàálù tó bá mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 18 wákàtí tó bá jẹ́ léraléra. Màmá ní, "Háà, èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ o, sinmi." Mo gun òkè náà nígbà tí mo ti jìnnà sómi dáadáa, ó sì wù mí gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ kí n lóye Harrison Okene. Ẹ ó rántí, kúùkù inú ọkọ̀ Jascon-4 tó dojú dé nítòsí Escravos ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, tó wà nínú afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó há sínú ọkọ̀, ní nǹkan bí 30 mítà sísàlẹ̀, fún nǹkan bí 60 wákàtí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wo fídíò yẹn, mò ń pariwo pé kí wọ́n sáà tètè gbé e gòkè. Mi ò mọ̀ pé tí wọ́n bá gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á kú mọ́ wọn lọ́wọ́, torí gbogbo wákàtí yẹn ni ara ẹ̀ fi mu náítírójìn. Inú yàrá onírin tí wọ́n ti ń dín prẹ́ṣọ̀ kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Ọkùnrin yẹn padà lọ kọ́ iṣẹ́ òmòòkùn fúnra ẹ̀, ọ̀wọ̀ tí mo ní fún un ò kéré.

Mo tún lọ wo Blue Hole, ihò jíjìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dahab. Ẹnì kan tá a jọ jẹun láàárọ̀ ní ká lọ wo ẹnu ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, tó lé ní 50 mítà. Orúkọ àwọn òmòòkùn tó kú síbẹ̀ wà lára òkúta létí omi, mo ka díẹ̀ nínú wọn, mo ní kó máa lọ. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí.

Ìṣòro tó kù ni Abuja fúnra ẹ̀. Káàdì kì í gbó, ọwọ́ ló ń gbàgbé. Tí mo bá pẹ́ kí n tó tún rí òkun, màá rí i pé ìka mi ń wá bọ́tìnì tó ń tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀wù ìmòòkùn dà nù. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń lọ sí púùlù, màá bọ́ máàsìkì lábẹ́ omi, màá wọ̀ ọ́ padà, màá fi imú fẹ́ omi inú ẹ̀ jáde, títí tí ọkàn mi ò fi ní já sí i mọ́. Tí mo bá dé etí òkun, mo máa ń sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ díẹ̀, kí wọ́n bá mi tún nǹkan yẹ̀ wò níbi tí ò jìn, tí wọ́n bá ní kò pọn dandan níwọ̀n bí mo ti ní káàdì, màá wá ibòmíràn. Kẹ́ ẹ tún rántí pé òjé tẹ́ ẹ fi ń rì nínú púùlù ò ní tó nínú òkun, omi iyọ̀ ń gbéni léfòó jù, iyọ̀ Òkun Pupa sì tún pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ òkun lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wo Jabi Lake tàbí odò tí wọ́n sé tẹ́ ẹ ń rò ó pé ẹ lè mòòkùn níbẹ̀, Abuja fi ohun tó lé ní 300 mítà ga ju òkun lọ, ibi tó bá sì ti kọjá 300, ìṣirò ìmòòkùn tí wọ́n ṣe fún etí òkun ò bá a mu mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n tún un ṣe. Ẹ má dá a dán wò láìní ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Rescue ni mo fẹ́ kọ́ báyìí, bí wọ́n ṣe ń gba ẹni tí ẹ̀rù bà sílẹ̀ lábẹ́ omi, mo sì ti lọ kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì níbí torí wọ́n máa béèrè ẹ̀. Oṣù kẹwàá ni mo fi sí, kí ọyẹ́ tó dé. Àbúrò kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Jos, ní òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń bi mí pé, "Aunty, èló ló máa ná mi?" Mo ní kó ní sùúrù ná, kó gba fọ́ọ̀mù ìlera, kó kọ òótọ́ nípa ikọ́ fée tó máa ń ṣe é, kó gbé e lọ bá dókítà, kí wọ́n yẹ etí ẹ̀ wò. Kó sì mọ̀ pé Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà, tó bá ti etí òkun dé, kò gbọ́dọ̀ wa mọ́tò lọ sílé lọ́jọ́ kan náà. Ó ti gba fọ́ọ̀mù, ọjọ́ Ẹtì ló máa lọ rí dókítà.